Ọ̀nà Tó Láyè fún Ìkíni

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀yọ́ tí kì í bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Télọ̀, ìlú òyìnbó ńkọ́?" Àwọn kan fẹ́ gbọ́ nípa òtútù. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ajá máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ó ń sùn síbẹ̀, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ojú ọ̀nà gan-an, ibi tí mọ́tò ń gbà àti ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, wọ́n á ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, ṣé kò sí ọ̀nà nílé ni. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á kò ní lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Bùràímọ̀ ni orúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ní àdúgbò Ọjà Igbó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ rírán ló gbé mi wá sí Ọ̀yọ́ nígbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù, ibẹ̀ náà ni mo sì darúgbó sí. Ẹ̀gbọ́n mi, Làsísì, ni wọ́n ń gbé ilé bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí di òní. Àwa méjèèjì péré ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò kiri ìgboro.

Nígbà tí à ń wí yìí, ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tó pàdé àgbà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí pé mò ń kánjú. Wàá sọ̀, wàá gbé kẹ̀kẹ́ tì, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá jẹ́ kí àgbà kọjá, kí o tó tún gùn ún. Bàbá wa kì í fi í ṣeré rárá. Wọ́n ní ọmọ tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà, ìdí ló fi kí i.

Èyí ni mo gbé lọ́wọ́ dàgbà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ kí ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo yá kẹ̀kẹ́ aládùúgbò wa kan, mo ní kí n fi na ẹsẹ̀. Bí mo ṣe dé ìtòsí oríta Ọjà Igbó, mo rí ẹ̀gbọ́n mi ní òdìkejì títì. Àwọn náà wà lórí kẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n ń bọ̀ láti oko wọn ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, àpò ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn wọn lórí káríà. Inú mi dùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo gbé ohùn sókè pé, "Ẹ kú oko o, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe yíjú yẹn ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣí díẹ̀ sínú títì. Mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn kò ráyè yà. Ó gbá wọn.

Wọn ò kú, Alihamudulilahi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kán. Ẹsẹ̀ náà jinná, dókítà sì sọ pé kí wọ́n máa lò ó dáadáa, pé bí wọ́n bá jókòó tì í, gbogbo ara ni yóò bá a gan. Ṣùgbọ́n wọn ò jáde mọ́. Wọ́n gbé oko fún ẹlòmíràn dá. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kọ́ ìṣó lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé àga sí ojúde, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di àsìkò Ìṣáì. Ọdọọdún ni mò ń rí i tí wọ́n ń kéré sí i lórí àga yẹn. Èmi náà, láti ọjọ́ yẹn, n ò kí wọn láti òkèèrè mọ́. Tí mo bá dé, màá rọra rìn títí màá fi dé iwájú wọn kí n tó la ẹnu. Mo rò pé kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ìkíni mi ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ohun tí mo gbà sínú nìyẹn, n ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Kúdírátù ọmọ mi ló fẹ́ kí n wá. Nọ́ọ̀sì ni, ìlú àwọn Họ́láńdì ló fẹ́ ọkọ sí. Ó bí ọmọ kejì, ìyá rẹ̀ sì ti di olóògbé, ló bá ní èmi ni kí n wá. Mo ní èmi ọkùnrin, kí ni mo mọ̀ nípa ọmọ wíwẹ̀? Ó ní òun kò ní kí n wẹ ọmọ, kí n ṣáà wá jókòó ti òun. Ó sọ ọ́ bíi pé ó fẹ́ sunkún. Mo ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ, mo lọ dágbére ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí.

Wọ́n ní, "Bùràímọ̀, mo gbọ́ pé wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ gan-an níbẹ̀."

Mo ní, "Ohun tí Kúdí wí náà nìyẹn."

"Bá mi wò ó. Tí o bá rí ẹni tó dàgbà tó mi lórí kẹ̀kẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kán rí, wá sọ fún mi. Tí o ò bá rí, má parọ́ fún mi."

"Tí mo bá rí i ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?"

Wọ́n wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí kẹ̀kẹ́ gbé kọ́. Eruku ti bò ó débi pé n ò mọ̀ pé dúdú ni tẹ́lẹ̀.

"Màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni wọ́n wí.

Iṣẹ́ tí mo gbé lọ nìyẹn. Ẹ̀bùn aṣọ òfì tí mo kó sínú báàgì kò wúwo tó o.

Mo dé

N ò ní fi ọ̀rọ̀ bàálù dá yín dúró. Òwúrọ̀ ni mo dé, ojú ọ̀run rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Kúdí wá pàdé mi, a wọ rélùwéè lọ sí ìlú wọn. Ìlú kékeré ni, ẹnu mi ò ì tíì lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ọkọ Kúdí máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá gbìyànjú, ọfun ni wọ́n fi ń pè é, bí ẹni tí eegun ẹja há.

Bí a ṣe jáde ní ibùdó rélùwéè, mo dúró. Kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n tò wọ́n bí aṣọ inú wọ́dúróòbù, ìpele méjì, títí lọ, ojú mi kò dé òpin rẹ̀. Mo bi Kúdí pé ta ló ń tajà báyìí, mo rò pé ọjà kẹ̀kẹ́ la dé. Ó ní, "Ọjà kọ́, Bàbá. Àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ ló gbé e síbẹ̀." Mo ní gbogbo wọn? Ó ní gbogbo wọn.

Nígbà náà ni mo wá wo ojú ọ̀nà. Obìnrin kan kọjá tó wọ kóòtù àti bàtà gíga, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan kọjá, táì ló so mọ́ ọrùn. Ìyá kan kọjá, àpótí onígi wà níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọmọ méjì jókòó sínú rẹ̀, ọ̀kan ń jẹ búrẹ́dì. Kò sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ilé, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́, etí rẹ̀ ló fi ń rí ẹ̀yìn, gbogbo ara ló ń fetí sí tírélà. Àwọn wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fọn fèrè ẹnu, àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tilẹ̀ di ọwọ́ ara wọn mú lórí kẹ̀kẹ́ méjì. Mo dúró síbẹ̀ tòun ti báàgì mi lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì wá sí mi lọ́kàn débi pé ojú mi fẹ́ rọ omi. Kúdí rò pé òtútù ni.

Ìwà wọn àti oúnjẹ wọn

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí kí n tó sọ èyí tó wù mí. Àwọn ènìyàn yìí kì í kí ènìyàn. Ó dára, wọ́n ń kí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni, ó sì ti tán. Wọn kì í bi ọ́ léèrè ilé, wọn kì í bi ọ́ léèrè oorun, wọn kì í bi ọ́ léèrè àwọn tó kù. Ọ̀rẹ́ Kúdí kan pè wá fún tíì. Ó ṣí agolo bisikíìtì, ó ní kí n mú. Mo mú ọ̀kan. Ó bo agolo rẹ̀, ó gbé e padà sórí sẹ́ẹ̀fù. Mo wo Kúdí. Kúdí wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo kan ilẹ̀kùn aládùúgbò láti dá abọ́ wọn padà. Wọ́n ń jẹun alẹ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì wà lókè. Wọ́n gba abọ́, wọ́n dúpẹ́ dáadáa, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ní "ẹ wá jẹun." Kì í ṣe pé màá jẹ ẹ́, ọ̀dùnkún tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ ni, kò sí ata níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Láàárọ̀, búrẹ́dì ni, wọ́n á wọ́n ṣokoléètì wínníwínní sórí rẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀. Àgbà ń jẹ ẹ́, ọmọdé ń jẹ ẹ́. Ẹja tútù wà, wọn kì í sè é, wọ́n á di ìrù rẹ̀ mú, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á jù ú sọ́fun. Mo gbìyànjú ìyẹn, n kò sì ní gbìyànjú rẹ̀ mọ́ láyé. Gbogbo ìgbà yẹn, láfún ló ń wù mí. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ̀ wá mọ́ láfún, ẹ fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́, kò burú. Mo lá àlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìrun kíkí nìkan tilẹ̀ ń mú mi ṣàárò, nítorí orí fóònù ni ìpè ìrun ti ń wá, ó máa ń wá láti inú àpò ṣòkòtò mi bí ẹni tó sọnù.

Bàbá Píítà

Aládùúgbò kan náà tí mo dá abọ́ padà fún ni Bàbá Píítà. Arúgbó ni wọ́n, wọ́n ju ẹ̀gbọ́n mi lọ dáadáa, irun wọn funfun gbòò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ni mo rí wọn tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Wọ́n ń tiro. Wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ òsì lé e, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ̀ ẹ́, títiro náà sì parí. Wọ́n ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí kò lárùn kankan. Búrẹ́dì ni wọ́n lọ rà.

Mo sáré wọlé. Mo ní, "Kúdí, jọ̀ọ́, bá mi bi bàbá yẹn ohun tó ṣe ẹsẹ̀ wọn."

"Bàbá, a kì í bi wọ́n bẹ́ẹ̀ níbí o."

"Bá mi bi wọ́n. Bọ̀dá Làsísì ló rán mi."

Ó bi wọ́n, ojú ń tì í. Bàbá Píítà kò bínú. Wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè lójúde, wọ́n fi àpá kan hàn mí láti orókún dé ọrùn ẹsẹ̀. Orí àkàbà ni wọ́n ti já bọ́, egungun kán, wọ́n fi irin sí i. Mo ní ṣé wọ́n lè jẹ́ kí n ya fọ́tò rẹ̀. Kúdí ní òun máa kú. Bàbá Píítà rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró ti kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, mo yà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí jáde. Wọ́n yá mi ní kẹ̀kẹ́ ìyàwó wọn tó ti kú. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò pọ̀, tiwọn náà kò pọ̀, ó wá ṣe déédéé. Ọjọ́ kìíní, mò ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ mi ti rántí. Ẹ wò ó, ẹ̀yin tó ń kà á, n ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pupa bí ilẹ̀ wa, ó fẹ̀, ó ń tẹ́jú lọ. Koríko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igi tẹ̀ lé koríko, ìgbà tí igi bá tán ni mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ bá ti máa pàdé, mọ́tò ló ń dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí ewú orí mi ni wọ́n fi ń dúró fún mi. Ó dùn mọ́ mi fún bí ọjọ́ mẹ́rin kí Kúdí tó sọ fún mi pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń dúró fún.

Ohun tí mo ṣe lójú ọ̀nà

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo gun kẹ̀kẹ́ jáde. Mo rí Bàbá Píítà tí wọ́n ń bọ̀ lódìkejì, wọ́n ti ra búrẹ́dì wọn. Inú mi dùn, ara mi ti balẹ̀ sí ìlú náà nígbà yẹn. Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ lélẹ̀ sí àárín ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, bàbá."

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo rántí ọjọ́ Ọjà Igbó. Bàbá Píítà ti yíjú sí mi. Mo gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Mo di ojú. Mo dúró de ìró yẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí mọ irú ìró tí mò ń wí, ti irin, ti ẹran ara, kí gbogbo ayé tó dákẹ́.

Kò dún.

Mo la ojú. Ìyá kan ló dúró lẹ́yìn mi tòun ti àpótí ọmọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ti gba ojú koríko kọjá. Ìyá náà ń béèrè bóyá ara mi kò yá. Ọmọ inú àpótí ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó fara pa, kò sí ẹni tó tilẹ̀ ké mọ́ mi. Bàbá Píítà sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n tiro wá, wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì tẹrí ba fún mi, nítorí wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Mo jókòó sórí koríko, mo sunkún. Àgbà bíi tèmi. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé ohun tí mo ṣe ní Ọjà Igbó náà ni mo tún ṣe, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Mo sọ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí, àgbà yíjú. Kò sí ohun tó yàtọ̀ àfi ọ̀nà. Gbogbo ọdún yẹn tí mo fi di ẹ̀bi rù, n ò bi ara mi rí pé irú ọ̀nà wo ni kò láyè tí ènìyàn lè fi yíjú sí àbúrò rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Kúdí bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀, Bàbá Píítà sì sọ fún mi pé ìlú àwọn kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, mọ́tò ló ni gbogbo títì. Ó ń pa ọmọ. Àwọn òbí fara dà á títí, ó sú wọn, wọ́n gbé tábìlì oúnjẹ jáde láti inú ilé, wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín títì, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun. Ìyàwó Bàbá Píítà, ẹni tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kí wọ́n tó tún ọ̀nà náà ṣe, ṣùgbọ́n orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí n dúró ni

Kúdí ní kí n má padà. Ó ní ìwé á ṣeé ṣe, ó ní ara mi ti fúyẹ́, pé ṣé mo rí ikùn mi bí ó ti wọlé. Òótọ́ ló sọ. Mò ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, mò ń gun ún lọ mú ọmọ ọmọ mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ta ni yóò jẹ́ kí n ṣe ìyẹn ní Ọ̀yọ́? N kò purọ́ fún yín, ó wù mí láti dúró.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, ẹnìkan kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀nà náà fẹ̀ tó ènìyàn méjì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà nígbà tí a bá ń lọ sóko lọ́mọdé, mo sì máa ń yà sápá ọ̀tún fún wọn láìmọ̀. Mo sọ fún Kúdí pé mò ń lọ. Ó sunkún, èmi náà sunkún, ọkọ rẹ̀ lọ fi tíì síná.

Ilé

N ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀yọ́ tí mo fi kọjá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rọra rìn dé iwájú àga, kí n tó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti rù. Ìyàwó wọn ní wọ́n ti ń di ògiri mú kí wọ́n tó dé ilé ìwẹ̀.

Mo mú fóònù jáde, mo fi Bàbá Píítà hàn wọ́n, tẹsẹ̀ tàpá. Wọ́n wò ó pẹ́.

"O ò parọ́ fún mi?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, n ò parọ́."

"Ọ̀nà wọn ńkọ́?"

"Ọ̀nà wọn láyè."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Tiwa ò láyè. Kí n gùn ún lọ síbo, sábẹ́ tírélà?" Wọn ò wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá.

Inú bí mi. Ó bí mi sí wọn, ó bí mi sí títì, ó bí mi sí gbogbo àwọn tó ń la ọ̀nà tí wọ́n gbàgbé pé ẹsẹ̀ wà. Inú bíbí yẹn ni mo gbé lọ kírun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é ní àdúgbò wa: mọ́ṣáláṣí kò gbà wá, a máa ń fi bẹ́ǹṣì dí títì lókè àti nísàlẹ̀, a ó tẹ́ ẹní sí àárín rẹ̀. Ọlọ́kadà tó bá dé á yí padà, kò ní janpata. Mo ti ń kírun lórí títì yẹn láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé tábìlì Bàbá Píítà nìyẹn.

A kírun tán, wọ́n fẹ́ máa gbé bẹ́ǹṣì kúrò. Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná."

Alága àdúgbò ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́."

Wọ́n wò mí bíi pé òtútù òyìnbó ti wọ̀ mí lórí. Ẹnìkan ní a kì í dí ọ̀nà ìjọba nítorí kẹ̀kẹ́. Mo ní a ń dí i nítorí òkú, a ń dí i nítorí ìkómọ, ẹni tó wà láàyè tó ń kú lọ lórí àga ńkọ́? Ohùn mi ti ga, mo mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ ìgbà tí Làsísì ń gun kẹ̀kẹ́. Kò sí ilé kan níbẹ̀ tí wọn ò fún ní ẹ̀gẹ́ rí.

Bàbá Èbùn, aládùúgbò wa kan, ló parí ìjà. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló ń lọ, ọ̀rọ̀ Jímọ̀ kò kàn án, ojúde rẹ̀ ló ti ń wò wá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, gàgàrà kan báyìí. Ó kàn wọ inú rẹ̀, ó wà á lọ sí ẹnu òkè títì, ó gbé e dábùú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé mọ́tò ni bàbá ń bẹ̀rù, mọ́tò náà ni kó ṣọ́ wọn. Títí di Alásárì ni o. Mo ní ẹrù í gbé."

Mo sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Àga ṣófo. Mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìṣó nìkan ló wà lára ògiri. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn, àkísà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi epo pa ṣéènì.

Wọ́n ní, "Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ariwo rẹ. Fún táyà yìí ní afẹ́fẹ́."

Èmi àti Bàbá Èbùn la dì wọ́n mú gùn ún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò fẹ́ ká, wọ́n fún eyín pọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ wọ́ sọ́tùn-ún, ó wọ́ sósì, ó wá tọ́. Wọ́n ní ká fi àwọn sílẹ̀. A fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn obìnrin jáde sẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pariwo, wọ́n ń wò bíi pé ariwo á ti ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún dé ìdí bẹ́ǹṣì, wọ́n yí po, wọ́n padà wá. Wọ́n kọjá lára mi. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, n ò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún yí po ní ìdí ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n tún kọjá. 

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n tẹ búréèkì níwájú mi, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀.

"Bùràímọ̀, ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí yín."

"Kí ló dé tí o ò kí mi? Láti ọjọ́ yẹn, o ò kí mi láti òkèèrè mọ́. Àfi kí o máa yọ́ wá bá mi bí olè. Ṣé o rò pé n ò mọ̀ ni?"

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n lọ. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi dé ìdí bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún, tí wọ́n yí po, tí wọ́n ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí títì tòun ti agbádá Jímọ̀ mi. Mo gbé ohùn sókè.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣí díẹ̀ sínú títì, bó ti ṣí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo wo ẹ̀yìn wọn. Kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀.